Ẹ Kágò Kí Ẹ Tó Mú Àlejò Wọ Àdúgbò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹbí yín kan, tàbí kí ó ti máa jà gùdù lọ́kàn ẹ̀yin gan-an: "Iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí ti sú mi. Ó wù mí kí n di amọ̀nà, kí n máa mú àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ káàkiri ìlú, kí n máa sọ ìtàn fún wọn, kí wọ́n sì máa sanwó fún mi." Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Olùkọ́ wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ báǹkì náà wà níbẹ̀. Awakọ̀ takisí tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Bronx bí ẹni mowó náà ń rò ó.

Àwọn òbí kan á ti figbe ta: ṣé torí kí ọmọ wọn lè máa rìn kiri ni wọ́n ṣe rán an lọ sí yunifásítì? Èmi ò sí lẹ́yìn irú òbí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, ẹni tó bá sì fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ nítorí rẹ̀ kò rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ẹni tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó ti rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ṣe olùkọ́ mọ ìgbà tí ojú àwọn tó ń gbọ́rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn wúlò lẹ́nu iṣẹ́ amọ̀nà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́ báyìí sábà máa ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì: ṣé mo mọ ìtàn ìlú tó, ṣé owó sì wà níbẹ̀? Ìbéèrè méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó yẹ kó ṣáájú wọn, tí n kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́: ta ló ni ibi tí mo fẹ́ mú àlejò lọ, ṣé mo sì ti kágò fún un?

Ẹ ti kọ́ nípa àgò nígbà tí ẹ ń kọ́ ìkíni. Ẹ dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé, ilẹ̀kùn lè ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ lè máa gbóhùn àwọn tó wà nínú ilé, síbẹ̀ ẹ kò ní ṣàdédé wọlé. Ẹ ó ní, "Àgò onílé o!" Àwọn ti inú ilé á ní, "Àgò yà!" Ìgbà náà ni ẹ ó tó gbé ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó ń sọ fún onílé pé ẹnì kan ń bọ̀, kí ó lè fa aṣọ bora, kí ó lè palẹ̀ ohun tí kò fẹ́ kí ojú àlejò rí mọ́. Ó tún ń rán ẹni tó ń bọ̀ létí pé kì í ṣe ilé bàbá òun ni òun wà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún iṣẹ́ náà pàápàá. Amọ̀nà ni ẹni tó mọ ọ̀nà. Àwọn mìíràn ń pè é ní afinimọ̀nà, ẹni tó ń fi ẹlòmíràn mọ ọ̀nà. Èyí kejì tẹ́ mi lọ́rùn díẹ̀ sí i, nítorí èèyàn kan, "ni" yẹn, wà láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: ọ̀nà wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, àlejò wà nínú ọ̀kan, kò sí onílé nínú ìkankan.

Ẹ jẹ́ kí n fi University Heights ṣe àpẹẹrẹ. Àdúgbò yìí wà ní ìwọ̀-oòrùn Bronx, lórí òkè tó dojú kọ odò Harlem. Àwọn tó wá láti Dominican Republic àti àwọn ọmọ wọn pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Èdè Sípáníìṣì lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ tí ẹ bá ń kọjá ní Burnside Avenue. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà wà láàárín wọn. Lórí òkè yẹn ni Bronx Community College wà. Yunifásítì New York, ìyẹn NYU, ló ni ọgbà náà tẹ́lẹ̀. Ìṣòro owó ló mú wọn tà á ní ọdún 1973, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fi kó wọ ibẹ̀.

Nínú ọgbà yìí ni Hall of Fame for Great Americans wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó gígùn kan ni, tí Stanford White yàwòrán rẹ̀, gígùn rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 630. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1901. Àwọn ère tó bẹ̀rẹ̀ láti orí dé èjìká ni wọ́n tò síbẹ̀, ère àwọn tí ìgbìmọ̀ kan dìbò yàn pé wọ́n jẹ́ ẹni ńlá ní Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá mú àlejò débẹ̀, ẹ lè sọ pé wọ́n kọ́ ọ láti bọlá fún àwọn akọni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Ilé ìkàwé ọgbà náà wà ní etí òkè, ìpìlẹ̀ rẹ̀ tó yọ síta ní ìsàlẹ̀ kò sì dùn-ún wò. Henry Mitchell MacCracken, tó jẹ́ olórí yunifásítì nígbà náà, ń wá ohun tí yóò fi bò ó lójú. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ògo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: aṣọ tí wọ́n fi bo ìdí ilé. Ìtàn yìí máa ń dùn mọ́ mi nínú ju orúkọ gbogbo àwọn ẹni ńlá náà lọ.

Ọdún 1945 ni wọ́n tó yan ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ síbẹ̀, ìyẹn Booker T. Washington, ẹni tí wọ́n bí sí oko ẹrú. Richmond Barthé, tí òun náà jẹ́ ènìyàn dúdú, ló mọ ère rẹ̀. Ẹ rántí pé Robert E. Lee ti wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní ọdún 1900. Ọ̀gágun tó léwájú ogun fún àwọn ìpínlẹ̀ tí kò fẹ́ kí oko ẹrú parí ni Lee. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2017, wọ́n yọ ère rẹ̀ àti ti Stonewall Jackson kúrò.

Ẹ wá fojú inú wò ó. Ẹ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àlejò mẹ́wàá, ẹnì kan nínú wọn sì bi yín léèrè ìdí tí wọ́n fi yọ ère méjì. Bí ẹ ṣe ń dáhùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ènìyàn dúdú tàbí ọmọ àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì. Wọ́n ń gbọ́ yín. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé igi oko ni wọ́n, ẹ ti wọlé wọn láìkágò. Ẹ lè mọ gbogbo ọjọ́ àti orúkọ tó wà nínú ìtàn náà ní àmọ̀dunjú, kí ẹ sì tún ṣẹ̀ wọ́n.

Ẹ bá mi sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí gúúsù, sí Morris Heights tó bá University Heights pààlà. Ilé gíga kan wà níbẹ̀, 1520 Sedgwick Avenue. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ọdún tí NYU kó kúrò lórí òkè gẹ́lẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cindy Campbell ṣe àríyá níbẹ̀, kí ó lè rí owó ra aṣọ ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Clive, tí a mọ̀ sí DJ Kool Herc, ló lu àwo orin. Jàmáíkà ni wọ́n bí Herc sí. Àríyá yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ọjọ́ ìbí hip-hop. Lónìí, bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń dúró níwájú ilé náà, àwọn èèyàn láti Jámánì, Japan àti ibi gbogbo ń sọ̀ kalẹ̀ láti ya fọ́tò. Ẹ má ṣe gbàgbé pé àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú ilé yẹn o. Wọ́n ń gbé àpò oúnjẹ wọlé, wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń bá ọmọ wọn jà lórí iṣẹ́ àmúrelé.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń mú àlejò rìn káàkiri Bronx fún irú ìrìn hip-hop yìí ni Grandmaster Caz. Bí a bá ń wá ẹni tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ amọ̀nà láti ẹnu iṣẹ́ mìíràn, n kò rò pé a lè rí àpẹẹrẹ tó dára ju tirẹ̀ lọ. Olórin ni, ọmọ ẹgbẹ́ Cold Crush Brothers, kò sì fi orin sílẹ̀. Ní ọdún 1979, àwo orin kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Rapper's Delight". Ó tà káàkiri ayé. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́, Big Bank Hank, lo ọ̀rọ̀ tí Caz ti kọ sínú ìwé rẹ̀; kódà orúkọ ìnagijẹ Caz ṣì wà nínú ohun tí Hank ń wí. Wọn kò kọ orúkọ Caz sára àwo náà.

Ẹ rí i pé ìtàn Caz àti ọ̀rọ̀ àgò jọra. Ẹnì kan wọ inú ìwé rẹ̀, ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó jáde, kò sẹ́ni tó ní "àgò" fún onílé. Ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ló wá dúró níwájú bọ́ọ̀sì, tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Àlejò tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kò gbọ́ ìtàn tí wọ́n há sórí lásán. Ojú àwọn tó ń gbé àdúgbò náà kò sì ní le sí i, nítorí wọ́n mọ ibi tó ti wá.

Ní ìdà kejì, ní ọdún 2013, ìròyìn jáde pé ilé iṣẹ́ kan ń fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn àlejò láti òkè òkun wá sí gúúsù Bronx, ní 45 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Kí ni wọ́n ń fi hàn wọ́n? Ìṣẹ́. Wọ́n ń nawọ́ sí àwọn tó tò síwájú ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́. Wọ́n ń kìlọ̀ fún wọn nípa ọgbà ìgbafẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń ṣeré. Ruben Diaz Jr., tó jẹ́ olórí Bronx nígbà náà, àti Melissa Mark-Viverito, aṣojú nínú ìgbìmọ̀ ìlú, kọ lẹ́tà ìta gbangba láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Láìpẹ́, ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró.

Yorùbá ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Onílé ni wọ́n fi òwe yìí bá wí, pé kó má ṣe torí àlejò náwó kọjá agbára rẹ̀. Lórí bọ́ọ̀sì yẹn, amọ̀nà ló jẹ gbèsè náà. Àwọn tó tò fún oúnjẹ ló san án. Àlejò padà sílé pẹ̀lú fọ́tò wọn, wọn kò sì tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ya àwọn.

Ẹnì kan lè bi mí pé: ìta gbangba ni òpópónà, kò ní ilẹ̀kùn; ta ni kí n kágò fún? Ìbéèrè gidi ni. Òfin wà lẹ́yìn ẹni tó béèrè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní kí ẹ má dúró lórí títì ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ wo àtẹ̀gùn tó wà ní West 167th Street, ní Highbridge. Àwọn ará àdúgbò ló ń gùn ún lọ sílé lójoojúmọ́. Fíìmù *Joker* jáde ní ọdún 2019, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá jó lórí rẹ̀ láti ya fọ́tò, débi pé ìyá àgbà tó gbé ẹrù dání ní láti dúró kí wọ́n jó tán. Kò sí òfin tí wọ́n rú. Ṣé ẹ̀yin á wá sọ pé wọn ò ṣe ohun tó kù díẹ̀ káàtó?

Kí ẹ tó lè gbowó fún iṣẹ́ yìí ní New York, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìlú. Ìdánwò wà fún un: ìbéèrè 150, ẹni tó bá gba 97 ti yege. Ẹni tó bá gba 120 sókè, wọ́n á fi àmì ìràwọ̀ síbi orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ràn kí ìdánwò wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan fagi lé ti Washington, D.C. ní ọdún 2014, pé ó tako òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ọdún yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mìíràn fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ti New Orleans. Kí wọ́n máa bá ẹjọ́ wọn lọ. Ìdánwò ń wò ó bóyá ẹ mọ ọdún tí wọ́n kọ́ afárá. Kò lè wò ó bóyá ẹ kí obìnrin tó ń ta ọsàn lẹ́bàá afárá náà.

Ní ti owó, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Owó tí àlejò bá fínnúfíndọ̀ fún amọ̀nà pọ̀ nínú ohun tó ń mú lọ sílé, òjò àti òtútù kì í sì í mú àlejò jáde. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ tó ń gba ìtọ́jú ìlera sílẹ̀ fún yín lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ lè fi òpin ọ̀sẹ̀ dán an wò. Ẹgbẹ́ kan wà, Big Apple Greeter, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni inú rẹ̀ ń mú àlejò rin àdúgbò tiwọn láìgba kọ́bọ̀. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára: onílé fúnra rẹ̀ ló ń gba àlejò.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ọmọ bíbí àdúgbò nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe amọ̀nà. Nílé, a ní àwọn arọ́kin ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn tó ń sọ ìtàn ọba. Iṣẹ́ ìdílé ni. A kì í fi ẹnu iṣẹ́ mìíràn bọ́ sídìí rẹ̀. New York kò lè rí bẹ́ẹ̀, ìlú àwọn tó ti ibòmíràn dé ni. Àjèjì tilẹ̀ lè ṣe é dáadáa, nítorí òun náà mọ bí ó ṣe ń rí lára kí èèyàn máa wo òun bí ìran. Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó wá onílé lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá ní àǹfààní kan tí ẹ lè má tíì kíyè sí. Ní Bronx, ẹ ó rí àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ń pè ní botánica, tí wọ́n ti ń ta àbẹ́là, ewé, ìlẹ̀kẹ̀ àti ère. Ẹ ó rí ère Santa Bárbara tó wọ aṣọ pupa, ẹni tó ni ìsọ̀ á sì sọ fún yín pé Changó ni. Ṣàngó wa ni. Ẹ ó rí Yemayá, ẹ ó rí Ochún. Ọ̀nà Kúbà ni wọ́n gbà dé, pẹ̀lú àwọn baba ńlá tí wọ́n kó lẹ́rú. Ẹ̀yin lè dúró níbẹ̀ kí ẹ ṣàlàyé fún àlejò ohun tí orúkọ wọ̀nyẹn jẹ́ ní Yorùbá, tí amọ̀nà mìíràn kò lè ṣe.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Gbígbọ́ tí ẹ gbọ́ Yorùbá kò sọ yín di onílé nínú ìsọ̀ yẹn. Ẹ̀sìn ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ni. Ó ṣeé ṣe kí ó má gbọ́ ju gbólóhùn díẹ̀ nínú èdè tí ẹ gbọ́, kí ó sì mọ òrìṣà náà ju gbogbo wa lọ. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sára àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Àlejò ń rọ́ lọ síbẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdọọdún, síbẹ̀ ojúbọ ni, àwọn olùbọ ṣì wà níbẹ̀, amọ̀nà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sì sọ ibi tí ẹsẹ̀ àlejò gbọ́dọ̀ dúró. Ohun tó yẹ igbó Ọ̀ṣun ló yẹ botánica.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú àlejò kankan débẹ̀, ẹ dá nìkan lọ ní ọjọ́ kan tí ọjà ò yá. Ẹ ra àbẹ́là kan. Ẹ kí onísọ̀, ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún un, kí ẹ sì bi í bóyá ó lè gbà kí ẹ máa mú èèyàn mẹ́fà wá lọ́jọ́ Sátidé, èló ni kí ẹ san, àti apá ibo nínú ìsọ̀ náà ni wọn ò gbọdọ̀ ya fọ́tò. Ó lè ní rárá. Tó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ yọ ojúlé náà kúrò nínú ìrìn yín, kódà bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ló dùn jù níbẹ̀. Tó bá sì ní kí ẹ jókòó, ẹ jókòó.